Bí A Ṣe Ń Fi Koríko Wé Òdòdó Ọgbà: Koríko Bàmúdà àti Hibiscus

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn ọgbà máa ń sọ, tó máa ń dùn mí: "Koríko kì í tanná." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni koríko tí wọ́n dúró lé lórí ti tanná sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọn ò bẹ̀rẹ̀ wò ó ni. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí n kọ ìtọ́sọ́nà yìí. Ẹni tó bá fẹ́ fi koríko wé òdòdó ọgbà, ẹ̀yà ara kan náà ló yẹ kó fi wéra: gbòǹgbò sí gbòǹgbò, ewé sí ewé, ìtànná sí ìtànná. Ẹni tó gbé ewé koríko sọ́wọ́ ọ̀tún, tó gbé ìtànná pupa sọ́wọ́ òsì, tó ní òun ń fi wọ́n wéra, èyí tó wù ú jù ló kàn ń sọ.

Iṣẹ́ náà máa gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí a máa gbin nǹkan, a ó sì dúró kó hù. Ẹni tí kò bá ráyè tó bẹ́ẹ̀ lè ṣe ti ewé àti ti ìtànná nìkan láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyẹn náà kò ní já sófo.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan méjì tó dá yín lójú

Èmi yan koríko Bàmúdà, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Cynodon dactylon. Hibiscus onítànná ńlá, Hibiscus rosa-sinensis, ni mo fi tì í. Àwọn méjèèjì wọ́pọ̀ níbi gbogbo tí ojú ọjọ́ bá ti móoru, wọn ò sì ṣòro bójú tó. Koríko Bàmúdà wà nínú ẹbí Poaceae, ẹbí àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì, ìrèké àti ọparun. Hibiscus wà nínú Malvaceae, ẹbí ilá, ìṣápá, òwú, kòkó àti igi oṣè. Ẹ fi ẹbí méjèèjì yìí sọ́kàn, a máa yá ọmọ wọn lò láìpẹ́.

Ọdún 1753 ni Carl Linnaeus, onímọ̀ ewéko ọmọ Sweden, fún àwọn méjèèjì lórúkọ. Panicum dactylon ló pe koríko náà nígbà yẹn. Lọ́dún 1805 ni Christiaan Persoon gbé e bọ́ sínú Cynodon. Ìtumọ̀ Cynodon ni eyín ajá. Dactylon ń tọ́ka sí ìka ọwọ́, ẹ ó sì rí ìka náà fúnra yín tí a bá dé orí ìtànná. Rosa-sinensis túmọ̀ sí róòsì ilẹ̀ Ṣáínà, bẹ́ẹ̀ hibiscus kì í ṣe róòsì rárá.

Ibi méjì ni ènìyàn ti lè ṣìnà níhìn-ín. Àkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo ohun tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì tutù ni koríko. Mo ti fi odidi ọ̀sẹ̀ kan ya àwòrán ohun tí mo pè ní koríko rí, kí n tó fi ìka méjì yí igi rẹ̀, tí mo rí i pé igun mẹ́ta ló ní. Irú làbẹ̀làbẹ̀ kan ni, ẹbí tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Mo da gbogbo àwòrán náà nù. Torí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìka yí igi náà. Ti koríko máa ń rí roboto tàbí kó tẹ́ díẹ̀, ó ní oríkèé tó hàn, ewé rẹ̀ sì tò sí ìhà méjì. Ti làbẹ̀làbẹ̀ sábà máa ń ní igun mẹ́ta, kò ní oríkèé tó wú, ìhà mẹ́ta ni ewé rẹ̀ sì tò sí.

Èkejì, ẹ ka ewé aláwọ̀ tó wà lára ìtànná hibiscus yín. Márùn-ún ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Èyí tó kún dìdì bí ìdì aṣọ lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tó kún inú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà ako tó yí padà di ewé aláwọ̀. Irú èyí máa ṣi yín lọ́nà tí ẹ bá ń kà á. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Irinṣẹ́ àti ìwé

Kò pọ̀: abẹ́rẹ́ kan, abẹfẹ́lẹ́ kan, rúlà tó ní mìlímítà, bírò kan tí yíńkì rẹ̀ kì í tètè pa rẹ́, páálí dúdú kan, sẹ́lótéèpù, àti awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá. Fóònù tó lè ya àwòrán nǹkan láti ìtòsí lè dípò awò náà níbi púpọ̀.

Ẹ pín ojú ìwé yín sí òpó mẹ́rin: ẹ̀yà ara, koríko, hibiscus, àti òpó kẹrin tí ẹ ó kọ "mo rí i" tàbí "mo kà á" sí. Ẹ má fi òpó kẹrin yìí ṣeré. Òun ló máa sọ fún yín lọ́la èyí tí ojú yín tó àti èyí tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, títí kan tèmi.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí irúgbìn

Ìṣòro kan wà níhìn-ín. Hibiscus inú ọgbà kì í sábà so irúgbìn. Igi rẹ̀ ni wọ́n ń gé gbìn. Irúgbìn koríko Bàmúdà sì kéré débi pé ẹ ò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ yá ọmọ ẹbí wọn: àgbàdo kó dúró fún koríko, ilá kó dúró fún hibiscus. Ẹ rẹ wọ́n sómi mọ́jú, ẹ wá fi ìwé ìnuwọ́ tó tutù lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ife, kí ẹ lè máa rí wọn láti ìta. Kí ìwé náà má gbẹ, kí omi má sì mù wọ́n.

Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́wàá, ẹ ó rí ohun tó ya ìran méjèèjì sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé wọn. Àgbàdo máa ta ṣóńṣó kan bí ọ̀kọ̀ jáde, ewé sì máa yọ láti inú ṣóńṣó náà. Ewé irúgbìn rẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo kò jáde rárá. Inú hóró ló jókòó sí, tó ń fa oúnjẹ fún ọmọ. Ilá ní tirẹ̀ máa gbé ewé irúgbìn méjì sókè, wọ́n á kọjú síra bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tó ṣí sílẹ̀. Ewé méjì yìí kò jọ ewé ilá tí ẹ mọ̀. Èyí tó bá tẹ̀ lé wọn ni ewé gidi.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọ̀kan, méjì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí látìsinsìnyí lọ, ẹ̀ka èyí ni.

Ìgbésẹ̀ 4: Gbòǹgbò

Ẹ má fà á tu. Ẹ bu omi sí ìdí koríko náà dáadáa, ẹ dúró fún wákàtí kan, kí ẹ tó fi ṣọ́bìrì gbé e tòun ti ilẹ̀, kí ẹ sì rọra fọ ilẹ̀ náà kúrò nínú omi. Ẹ ó rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ tó jáde láti oríkèé, kò sí ọ̀gá láàárín wọn. Ẹ ó tún rí ohun funfun kan tó nípọn jù wọ́n lọ, tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pe ìyẹn ní gbòǹgbò. Ẹ wò ó dáadáa: ó ní oríkèé, ó sì ní ewé kéékèèké bí ìpẹ́ ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Gbòǹgbò kì í ní oríkèé. Igi ni, igi tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀. Èkejì rẹ̀ ń rá lórí ilẹ̀, ó ń ta gbòǹgbò sísàlẹ̀ àti ewé sókè níbi tí oríkèé bá ti kan ilẹ̀.

Ti hibiscus ńkọ́? Bí igi gígé lẹ ti gbìn ín, ẹ ò ní rí olórí gbòǹgbò tí wọ́n máa ń sọ nínú ìwé. Gbòǹgbò púpọ̀ tó yọ láti ìdí igi tí wọ́n gé lẹ ó rí, ẹnikẹ́ni tí kò bá sì mọ̀ á kọ ọ́ pé ti koríko ló jọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àfiwé ti ń bàjẹ́. Ẹ lọ wo ilá tí ẹ gbìn láti inú irúgbìn: gbòǹgbò kan nípọn ju ìyókù lọ, ó ń lọ tààrà sísàlẹ̀, àwọn kéékèèké sì ń yà lára rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Igi

Igi koríko Bàmúdà tínrín jù láti gé, nítorí náà ẹ padà sọ́dọ̀ àgbàdo. Ẹ gé igi àgbàdo tútù kan àti ẹ̀ka hibiscus tútù kan, ẹ ki ìdí wọn sínú omi tí ẹ po aró pupa sí, kí wọ́n wà níbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi abẹfẹ́lẹ́ rẹ́ wọn ní ìbú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Lára àgbàdo, ẹ ó rí àmì pupa tótòtó tó fọ́n ká gbogbo ojú ibi tí ẹ gé. Lára hibiscus, pupa náà máa ṣe òrùka. Ojú ọ̀nà omi ni ẹ ń wò yẹn. Láàárín òrùka yẹn àti èèpo, hibiscus ní ìpele fẹ́lẹ́ kan tí kì í yé dá igi tuntun sínú àti èèpo tuntun síta. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ka rẹ̀ fi ń nípọn sí i lọ́dọọdún. Koríko ò ní ìpele yìí. Tó bá ti nípọn dé ibi tó máa nípọn dé, ó tán.

Ìgbésẹ̀ 6: Ewé, àti ibi tó ti ń dàgbà

Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé iṣan ewé koríko ń lọ gbọọrọ láti ìdí dé ṣóńṣó láìpàdé ara wọn, ti hibiscus sì ta ká bí àwọ̀n. Ẹ má dúró síbẹ̀ yẹn. Ẹ ya ewé méjèèjì. Ti koríko máa ya ní gígùn lọ tààrà bí aṣọ tó mọ ojú ìlà rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ya á ní ìbú, ó máa jà. Ti hibiscus máa ya síbi tó bá rí.

Ẹ wá wo bí ewé ṣe dì mọ́ igi. Hibiscus ní ọ̀pá ewé, etí ewé rẹ̀ ní eyín, ewé kéékèèké méjì bí abẹ́rẹ́ sì wà ní ìdí ọ̀pá náà nígbà tí ewé bá ṣì kéré. Koríko ò ní ọ̀pá. Apá ìsàlẹ̀ ewé rẹ̀ wé mọ́ igi bí àkọ̀ wé mọ́ idà. Ẹ fi èékánná rọra fa ewé náà sẹ́yìn kúrò lára igi, ẹ fi awò wo igun ibi tí àkọ̀ ti di ewé. Ìlà irun funfun kúkúrú kan wà níbẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ sì gùn díẹ̀. Àmì ìdánimọ̀ pàtàkì nìyẹn fún koríko Bàmúdà, ọ̀pọ̀ koríko mìíràn ló jẹ́ pé awọ fẹ́lẹ́ ló wà níbẹ̀ dípò irun.

Àdánwò tó tẹ̀ lé e yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ wá ewé koríko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láti inú àkọ̀, ẹ fi bírò to àmì sí i lára ní mìlímítà 5 sí mìlímítà 5. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ewé hibiscus tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ẹ wọ̀n wọ́n lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méje.

Àmì ara hibiscus máa jìnnà síra wọn, torí gbogbo ara ewé náà ló ń fẹ̀. Àmì ara koríko ò ní kúrò ní mìlímítà 5 síra wọn. Gbogbo wọn jọ máa gòkè ni, ewé tuntun tí ẹ ò fi àmì sí á sì máa yọ lábẹ́ wọn. Ìdí ewé, nínú àkọ̀, ló ti ń dàgbà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá mi lójú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ gé pápá, ìdí nìyí tí koríko kì í fi kú tí ẹ bá gé orí rẹ̀. Ohun tó ti dàgbà tán lẹ gé, ibi tó ń dàgbà wà nísàlẹ̀ níbi tí abẹ ò dé. Hibiscus, tí ẹ bá gé orí ẹ̀ka rẹ̀, ibi ìdàgbà ẹ̀ka yẹn gan-an lẹ gé. Ó gbọ́dọ̀ jí èéhù tó sùn sí ìdí ewé dìde kó tó lè ta ẹ̀ka mìíràn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìtànná

Ẹ ṣe é láàárọ̀. Ìtànná hibiscus sábà máa ń là fún ọjọ́ kan péré kó tó ká, torí náà èyí tó bá là lónìí ni kí ẹ já.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Ewé tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan yí i ká lábẹ́, láti márùn-ún sí mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn wọn ni ife tútù kan wà tí ẹnu rẹ̀ pín sí eyín márùn-ún, lẹ́yìn náà ewé aláwọ̀ márùn-ún. Láàárín wọn ni ọ̀pá gígùn kan ti yọ jáde, okùn kéékèèké tó ru àpò àtíkè (eruku ako tó ń mú kí abo so irúgbìn) sì kún ara rẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ la ọ̀pá náà ní gígùn. Ọ̀pá mìíràn wà nínú rẹ̀! Ako ló wé mọ́ abo bí ihò fèrè, abo sì gba inú rẹ̀ kọjá lọ ta orí roboto márùn-ún sókè. Ẹ tẹ̀ lé ọ̀pá inú yẹn dé ìsàlẹ̀, ẹ gé ilé ọmọ ní ìbú: yàrá márùn-ún. Ẹni tó bá ti gé ilá rí ti rí ohun tó jọ ọ́.

Ó wá kan koríko. Ẹ wá igi tó gòkè tó sì ta bí ìka ní orí, láti mẹ́ta sí méje, gbogbo wọn láti ojú kan náà. Dactylon nìyí. Ẹ yí ìka kan dojú dé. Ìlà méjì ti hóró tẹ́ẹ́rẹ́ ló tò sí abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n gun ara wọn bí páànù òrùlé. Ẹ fi abẹ́rẹ́ yọ ẹyọ kan sórí páálí dúdú. Kò ju mìlímítà 2 sí 3 lọ. Ẹ má mí lù ú, ó máa fò lọ.

Èèpo méjì wà lóde. Ẹ yọ wọ́n. Èèpo méjì tún wà nínú, ọ̀kan tóbi ó sì di èkejì mọ́ra. Láàárín wọn ni ìtànná wà. Tó bá jẹ́ èyí tó ti ṣí, okùn ako mẹ́ta rọ̀ síta pẹ̀lú àpò àtíkè wọn, orí abo méjì sì yọ jáde ní àwọ̀ elésè àlùkò, ó tẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ilé ọmọ kan, irúgbìn kan.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí ìyẹ́ elésè àlùkò yẹn nínú awò, mo dúró lórí eékún mi fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ìdí tí ènìyàn á fi pè é ní nǹkan tí kì í tanná.

Ẹ wá ka ohun tí ẹ kọ. Márùn-ún, márùn-ún, márùn-ún ní ìhà hibiscus. Mẹ́ta ní ìhà ako koríko. Ewé aláwọ̀ koríko dà? Ìpẹ́ kékeré méjì kan wà ní ìdí ìtànná náà tí àwọn onímọ̀ gbà pé àwọn ló dúró fún un. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe ẹwà. Wọ́n máa ń fa omi, wọ́n á wú, wọ́n á sì fi ipá ti èèpo méjèèjì ṣí kí ako àti abo lè rí ìta. Ti koríko Bàmúdà kéré jù fún awò wa; ẹ wá a nínú ìtànná ako tó wà lórí igi àgbàdo, ẹ ó rí i níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Àtíkè

Ẹ fi sẹ́lótéèpù kan ìtànná méjèèjì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí dúdú. Àtíkè hibiscus tóbi débi pé ojú lásán lè rí hóró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó lẹ̀, ó sì ní ẹ̀gún kéékèèké káàkiri ara. Ti koríko jẹ́ eruku lásán, ara rẹ̀ ń dán. Hibiscus ń dúró de ẹyẹ àti kòkòrò tó ń wá oje adùn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ní àwọ̀ àti ìtóbi. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ti koríko. Afẹ́fẹ́ ò lójú tó fi ń wo àwọ̀, ohun tó nílò ni àtíkè fúyẹ́ àti abo tó tẹ́ bí ìyẹ́ láti mú un.

Ìgbésẹ̀ 9: Òjìji

Ẹ fi àpótí páálí tí ẹ lu ihò díẹ̀ sí bo apá kan koríko náà, ẹ sì gbé hibiscus kan tó wà nínú ìkòkò lọ sí abẹ́ òjìji. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọ̀ koríko abẹ́ àpótí á ti ṣá, á ti tínrín, á sì ti fọ́n. Hibiscus á ṣì di ewé rẹ̀ mú, ìtànná rẹ̀ ló máa dín kù. Ọ̀nà tí koríko Bàmúdà ń gbà ṣe oúnjẹ láti inú oòrùn, èyí tí wọ́n ń pè ní C4, mú kó lágbára gan-an nínú oòrùn líle àti ooru, ṣùgbọ́n kì í fara da òjìji. Hibiscus ń lo ọ̀nà mìíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní C3.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ gbé e wọ inú ọgbà

Tí ẹ bá ní àwọn méjèèjì lórí ilẹ̀ kan náà, ohun tí ẹ ti kọ sílẹ̀ ti sọ bí ẹ ó ṣe tọ́jú wọn. Ẹ má fi ọkọ́ gé koríko Bàmúdà tó bá wọ ìdí hibiscus wẹ́wẹ́. Igi abẹ́ ilẹ̀ ni, gbogbo gígé tó bá ní oríkèé lè hù. Lẹ́yìn òjò, tí ilẹ̀ bá rọ̀, ni kí ẹ tọ okùn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kí ẹ sì fà á jáde lódidi.

Ẹ fi ààyè tó tó ìdajì mítà sílẹ̀ yí ìdí hibiscus ká láìsí koríko, kí ẹ fi ewé gbígbẹ bò ó, ṣùgbọ́n kí ewé náà má kan igi. Ààyè yìí wúlò fún ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò. Ìpele fẹ́lẹ́ tí mo sọ ní ìgbésẹ̀ 5, tó ń mú hibiscus nípọn, abẹ́ èèpo gan-an ló wà. Ẹ̀rọ ìgékoríko tó bá ń lu ìdí igi náà léraléra máa bó èèpo yẹn, tí ọgbẹ́ náà bá sì yí igi ká, oúnjẹ láti orí ewé ò ní dé gbòǹgbò mọ́, igi náà á kú díẹ̀díẹ̀ látòkè. Ẹ̀rọ kan náà, lọ́jọ́ kan náà, á ti gba orí koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọjá, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan.